Ìbò tí Àwọn Bàbá Wa Dì fún Adégòkè Adélabú

  

Ọ̀rọ̀ ìrun, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a sábà máa ń kọ sínú ìwé ọdọọdún yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó fún wa ní iṣẹ́ ṣe. A ń kọ́ kíláàsì wọn ní ohun tí àmánà jẹ́. A ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rí ni ìbò: ẹni tí ó bá dìbò fún ènìyàn ń jẹ́rìí pé ẹni náà yẹ ní ipò tí a fẹ́ gbé e sí. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè. Ó ní, "Àfáà, wọ́n ní bàbá ńlá mi dìbò fún Adélabú. Wọ́n ní ìjọba ṣe ìwádìí, ìwádìí náà dá a lẹ́bi, síbẹ̀ wọ́n tún lọ dìbò fún un. Ṣé ẹ̀rí èké ni bàbá ńlá mi jẹ́?"

Kíláàsì dákẹ́. Àwa náà dákẹ́, nítorí pé bàbá tiwa náà dìbò fún Adélabú. A sọ fún ọmọ náà pé ìbéèrè rẹ̀ ju ìdáhùn ẹ̀sẹ̀kẹsẹ̀ lọ, kí ó fún wa láyè títí ìwé ọdọọdún yóò fi jáde. Ìdáhùn wa nìyí.

TA NI ADÉLABÚ?

Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Adégòkè Adélabú, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1915. Gbàdàmọ́sí ni orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí i nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n pè é ní Joseph. Iléèwé àwọn oníjọ CMS ní Kúdẹtì ni wọ́n fi í sí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ayé ìgbà náà ti gba orúkọ mìíràn nítorí àtikàwé. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Government College ní Ìbàdàn, ó sì dé ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábàá ní ọdún 1936. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ UAC. Lẹ́yìn náà ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó ṣòwò, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1952 ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí bí Áfíríkà ṣe ń hó bí omi gbígbóná.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, ó sì ń dùn mọ́ àwọn tí kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà kan tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀, ó lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan tí ó túmọ̀ sí ìdàrúdàpọ̀ tí ó ṣàjèjì. Àwọn ènìyàn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà, wọ́n sọ ọ́ di "pẹnkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì", ó sì di orúkọ tí wọ́n fi ń pe òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé àárín àwọn ènìyàn rẹ̀, èdè Ìbàdàn gidi ni ó ń sọ. Ilé rẹ̀ wà ní Òkè-Olúokún, ó sì sọ ọ́ ní Taj Mahal, orúkọ ibojì ńlá tí ọba Mùsùlùmí kan kọ́ sí ilẹ̀ Íńdíà. Bàbá wa máa ń sọ pé ẹnu ọ̀nà ilé náà kì í ṣófo. Ẹni tí wọ́n bu owó orí lé lórí ju agbára rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò lọ. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò lọ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÌBÒ FÚN UN

Ní ọdún 1951, wọ́n dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Àyè 80 ni wọ́n ń dìbò sí, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ibadan People's Party ni ó kó àyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Adélabú sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọlé. Ìbò kò tíì tutù tán tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ya lọ sínú ẹgbẹ́ Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, èyí tí ó di ẹgbẹ́ ìjọba. Adélabú dúró sínú NCNC, ẹgbẹ́ Dókítà Nnamdi Azikiwe. Ibi tí òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójú àwọn bàbá wa, àwọn yòókù lọ síbi oúnjẹ, òun dúró síbi tí a fi í sí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó orí dé. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ kọ́ iléèwé àti ilé ìwòsàn, wọ́n sì bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé àwọn ènìyàn lórí ní ọdún 1953. Inú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò dùn sí i. Adélabú kó wọn jọ pẹ̀lú àwọn mọ́gàjí agboolé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ sílẹ̀, èyí tí ó bá NCNC ṣe pọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ṣàlàyé ara rẹ̀: má ba ọlá jẹ́, má ba ọlá àwọn olóyè Ìbàdàn jẹ́. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀sìn. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe jọ wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù ní ìgboro Ìbàdàn ìgbà náà.

Ní ọdún 1954 ìbò méjì ni ó gbé e ga. Nínú ìbò kánsù, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí, òun sì di alága kánsù Ìbàdàn. Nínú ìbò sí Ilé Aṣojú ní Èkó, ó tún wọlé. Nínú àyè 42 tí ó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn ní Èkó, 23 ni NCNC gbà, Action Group sì gba 18, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Action Group ni ó ń ṣe ìjọba ní Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí NCNC fi ní ẹ̀tọ́ láti yan àwọn mínísítà tí yóò ti Ìwọ̀-Oòrùn wá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Adélabú di mínísítà ìjọba àpapọ̀ fún ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ àti ìgbáyégbádùn ará ìlú. Ọmọ ogójì ọdún kò tíì pé, mínísítà ni ní Èkó, alága kánsù sì ni ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa níhìn-ín. Nínú oṣù kan náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà nínú àwọn ọmọ tí ó jẹ ànfààní rẹ̀. Bàbá wa tí ó bá Adélabú kígbe mọ́ owó orí ni ó fa ọwọ́ wa lọ sí iléèwé ní ọdún 1956, wọn kò sì san owó iléèwé kankan. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọn á ní, "Àkùkọ ni mo dìbò fún, abẹ́ ọ̀pẹ ni ọmọ mi ti ń kàwé." Àkùkọ ni àmì NCNC, ọ̀pẹ sì ni àmì Action Group. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá wà nínú rẹ̀: ẹni tí a kò dìbò fún lè ṣe ohun rere fún wa, ẹni tí a dìbò fún sì lè ṣe àṣìṣe.

ÌWÁDÌÍ ÀTI ÌBÒ ỌDÚN 1956

Ní òpin ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ọ̀gbẹ́ni Nicholson, òyìnbó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde kí ó wá ṣe ìwádìí sí bí kánsù Ìbàdàn ṣe ń ná owó àti bí ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1956, ó dá kánsù lẹ́bi, ó sì dá alága rẹ̀ lẹ́bi. Adélabú fi ipò mínísítà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1956, wọ́n tún dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Action Group gba àyè 48, NCNC gba 32. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, Adélabú àti Mábọ̀lájẹ́ ni ó borí. Ó padà sí ilé ìgbìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí alátakò. Bí ó bá jẹ́ pé NCNC ni ó borí ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ni, òun ni ì bá di olórí ìjọba. Ní ọdún 1957 ó bá wọn lọ sí ìpàdé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò bí Nàìjíríà yóò ṣe gba òmìnira. Ó ń bèèrè pé kí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ kan jáde fún àwọn ará Ìbàdàn àti àwọn Yorùbá tí ó yí wọn ká.

Kí ni ó dé tí àwọn bàbá wa fi tún dìbò fún un? A bi bàbá wa léèrè nígbà tí a dàgbà. Wọ́n ní, "Ta ni ó gbé òyìnbó wá? Ṣé kì í ṣe àwọn tí a lé kúrò ní kánsù?" Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Ẹgbẹ́ tí ó ń bá Adélabú du Ìbàdàn ni ó wà nínú ìjọba tí ó gbé ìwádìí dìde. Ní ọdún 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Coker dìde láti yẹ owó Ìwọ̀-Oòrùn wò, ó sì kan àwọn aṣáájú Action Group náà. Ẹni tí ó fi ìwádìí na ẹlòmíràn kò mọ̀ pé pàṣán náà lè yí padà. Nítorí náà, àwọn bàbá wa kò jẹ́ òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀tá ènìyàn kì í pa ìlù fún un kí ó jó.

Ṣùgbọ́n a tún bi bàbá wa ní ìbéèrè kejì: "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ǹjẹ́ ẹ̀yin fúnra yín bi í léèrè ohun tí wọ́n fi owó kánsù ṣe?" Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "A kò bi í. Bí a bá bi í, ṣe ni yóò dà bíi pé a ti di ọlọ́pẹ."

OṢÙ ÀÀWẸ̀ ỌDÚN 1958

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, Adélabú ń bọ̀ láti Èkó. Ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ní ìjàm̀bá nítòsí Òde Rẹ́mọ, ó sì kú. Innā lillāhi wa innā ilayhi rājiʿūn. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Oṣù Ramadan ni a wà, ààwẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọdé ni wá nígbà náà. Ilé kéú ni a wà, wàláà wà lórí itan wa, nígbà tí a gbọ́ igbe láti ojú títì. Àfáà wa ní kí a kó wàláà jọ, kí oníkálukú máa lọ sílé, kí a má sì dúró lọ́nà. Àwọn obìnrin ti ká ọwọ́ lérí. Àwọn ọkùnrin ń sáré. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ọ̀tá ni ó pa á, kì í ṣe ìjàm̀bá. Nígbà tí ó yá, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Bàbá wa kò sí nílé nígbà ìṣínu. Ẹni tí ó wá kan ilẹ̀kùn ni aládùúgbò wa kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọlọ́pẹ, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ìyá wa kò bi í léèrè nǹkan kan. Wọ́n tì wọ́n mọ́ inú yàrá, wọ́n sì da aṣọ bo fèrèsé. Nígbà tí bàbá wa dé, fìlà wọn ti sọnù, ojú wọn ti wú fún ẹkún. Ìyá wa sọ ẹni tí ó wà nínú yàrá fún wọn. A rí bàbá wa tí wọ́n dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bu omi sínú ife, wọ́n gbé e wọlé fún ọkùnrin náà, wọ́n ní, "Ẹ ṣínu. Oòrùn ti wọ̀ tipẹ́."

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò ní Ìbàdàn àti ní àwọn abúlé, wọ́n kọlu àwọn ọlọ́pẹ àti àwọn agbowó orí, wọ́n sun ilé. Ọlọ́pàá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún àwọn kan. Àwọn tí wọ́n pa kò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ tí ó ní ìjàm̀bá ní Òde Rẹ́mọ. Ìfẹ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò béèrè ọ̀rọ̀ wò ni.

Agbára ìfẹ́ náà kò tán kíá. Nínú ìbò sí Ilé Aṣojú ní ọdún 1959, Mábọ̀lájẹ́ ṣì gba àyè mẹ́fà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó jogún ẹgbẹ́ náà ti ń bá ara wọn jà. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ náà rọ. Ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé lórí, ẹni náà kò sì sí mọ́.

OHUN TÍ ÀWA NÁÀ ṢE

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn àgbà ayé àtijọ́ nìkan ni à ń bá wí. Àwa náà ti jẹ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ó ń dá owó jọ fún iṣẹ́ Ọlọ́hun. Akápò wa jẹ́ ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn. Òun ni ó kọ́kọ́ ń dé ibi ìsìnkú, òun ni ó kẹ́yìn kúrò níbi ìsomọlórúkọ. Ní ìpàdé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní kí akápò mú ìwé owó wá kí a wò ó. Ariwo ta. Wọ́n ní kí àwa tí a jẹ́ àgbà sọ̀rọ̀. A dìde, a ní a mọ akápò wa, pé ẹni rere ni, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọrọ àforíjì. Ó tọrọ àforíjì. Kò tún wá sí ìpàdé mọ́.

Lẹ́yìn ọdún kan, akápò wa kú lójijì. Owó tí a bá kò tó iye tí a rò pé ó yẹ kí ó wà. Bóyá ó ná an sórí iṣẹ́ tí a rán an, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí rìsíìtì, kò sí ìwé, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún pé bàbá wọn kì í ṣe olè. Àwa náà gbà gbọ́ pé kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n a kò ní ohun tí a lè fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ká ní a ti jẹ́ kí ó mú ìwé wá lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn béèrè, ìwé náà ni ì bá jẹ́rìí fún un lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwa tí a rò pé à ń gbèjà rẹ̀ ni a gba ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌDÁHÙN WA

Nínú Suratu Nisai, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á dá àmánà padà fún àwọn tí ó ni ín. Nínú Sura kan náà, Ó tún pa á láṣẹ pé kí á jẹ́ ẹlẹ́rìí òdodo, ìbáà tilẹ̀ ta ko àwa fúnra wa tàbí àwọn òbí wa. Àṣẹ kìn-ín-ní wà fún ẹni tí a dìbò fún. Àṣẹ kejì wà fún àwa tí a dìbò.

Nítorí náà, ọmọ wa, bàbá ńlá rẹ kò jẹ́rìí èké. Ó jẹ́rìí ohun tí ó fojú rí: ó rí ẹni tí kò bá wọn lọ síbi oúnjẹ ní ọdún 1951, ó rí ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù, ó rí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ tálákà níwájú ìjọba láìbẹ̀rù. Òdodo ni ẹ̀rí yẹn. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rí kan náà bo ibi tí ojú rẹ̀ kò dé, ìyẹn ìwé owó kánsù. Ẹ̀rí rẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá wa, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti àwa tí a ń kọ́ ọ.

Láìpẹ́, ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ yóò pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìbò yóò sì dé ọwọ́ yín. Ẹ lè fẹ́ràn ẹni tí ẹ dìbò fún, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi í léèrè ìwé, ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ pé ọ̀tá rẹ̀ nìkan ni yóò máa bi í. Bí ọ̀rẹ́ bá béèrè lónìí, ọ̀tá kò ní rí nǹkan béèrè lọ́la. Bí ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yín bá sì kan ilẹ̀kùn yín lálẹ́, ẹ bu omi fún un.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ní kí ó tọrọ àforíjì, a ti lọ sí ilé rẹ̀. Àwa ni a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti padà sí ìpàdé, ìwé owó sì wà lórí tábìlì ní gbogbo oṣù.

Kí Ọlọ́hun dárí jin Adégòkè Adélabú, kí Ó dárí jin àwọn bàbá wa àti gbogbo àwọn tí ó kú nínú rògbòdìyàn ọdún náà, ti àkùkọ àti ti ọ̀pẹ. Kí Ó ṣe wá ní ẹlẹ́rìí òdodo. Àmín.